Abẹ Oníwọ̀n Lórí Orí Ìyàwó Òrìṣà

Láti ìgbà tí a ti kéde pé ìyàwó mẹ́ta yóò wọlé òrìṣà ní ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yìí ni ìbéèrè kan ti ń wá léraléra: abẹ wo ni kí á rà? Ìbéèrè náà kéré létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Bí abẹ bá mọ́, tí ọwọ́ tó mú un bá mọ iṣẹ́, orí á tutù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó wá gba ìyè lè gba àrùn lọ sílé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ilé wa ti ń lo abẹ olójú méjì tí a lè yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Láàárín ara wa, abẹ oníwọ̀n ni a ń pè é. Bíléèdì tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, ègé irin pẹlẹbẹ tó mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.1 mìlímítà lọ, ni a ń tẹ́ sáàárín ìdérí abẹ náà àti ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ìdérí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà gbọ̀n. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà níwájú ẹnu rẹ̀ tí ń na awọ orí kí bíléèdì tó dé ibẹ̀. Nínú abẹ olójú méjì lásán, àlàfo tó wà láàárín ẹnu bíléèdì àti ọ̀pá yìí kì í yí padà. Ti abẹ oníwọ̀n yàtọ̀: òrùka kan wà ní ọrùn rẹ̀ tàbí ní ìdí èèkù rẹ̀, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Bí a bá yí òrùka náà sí nọ́ńbà kékeré, àlàfo á sún kì, ẹnu bíléèdì á fara pamọ́. Bí a bá yí i sí nọ́ńbà ńlá, àlàfo á fẹ̀, bíléèdì á sì yọjú síta.

Ọ̀pọ̀ ìyàwó tuntun rò pé nọ́ńbà ńlá ni yóò fá orí mọ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ńlá ń fún irun púpọ̀ láyè láti kọjá láìdí abẹ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ó ti ń fún irun láyè ni ó ń fún bíléèdì náà láyè láti kan awọ. Sùúrù àti ọṣẹ ni ń mú orí dán, kì í ṣe nọ́ńbà. Bákan náà, nọ́ńbà 3 lára abẹ kan kì í ṣe nọ́ńbà 3 lára òmíràn. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọn tirẹ̀ bó ti wù ú. Ẹ má ṣe gba nọ́ńbà lẹ́nu ẹni tí kò lo irú abẹ tí ẹ ń lò.

King Camp Gillette, ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ bíléèdì tí a ń lò tí a sì ń sọ nù di ọjà. Abẹ rẹ̀ dé orí àtẹ ní ọdún 1903, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1904. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, abẹ 51 péré ni wọ́n rí tà. Abẹ oníwọ̀n tí àwọn olùkójọ ohun àtijọ́ ń pè ní Fatboy jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà ní nǹkan bí ọdún 1958, nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 9. Slim, àbúrò rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ̀lé e ní 1961. Àwọn méjèèjì ti kúrò lórí àtẹ tipẹ́, ọwọ́ àwọn tó ń ta ohun àlòkù ni a ti ń rí wọn. Èyí tí ẹ lè rà ní tuntun ni Progress tí Merkur ń ṣe ní ìlú Solingen ní Jámánì, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1 dé 5.

A kò ní í fi pamọ́ fún yín pé ọkàn wa fà sí Fatboy ju àwọn tó kù lọ, nítorí pé idẹ ni ara rẹ̀, nickel tí wọ́n fi bò ó lára ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Níbi tí nickel bá ti ha, idẹ á yọjú. Irin Ògún ló ń gé irun, idẹ Ọ̀ṣun ló dì í mú. Ẹ̀rín ni a fi ń sọ èyí, a kì í fi kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣáájú ìgbà tí abẹ oníwọ̀n dé, abẹ kan ṣoṣo ni ilé wa ń lò. Abẹ ojú kan tí a ń pọ́n ni, ìyá wa tó fi orí wa fún òrìṣà ló gbé e wá láti Òṣogbo, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ni òun náà sì ti gbà á. Orí wa wà lára orí tí abẹ yẹn fá. A bọ̀wọ̀ fún un títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan wa láti máa fá orí fún ẹlòmíràn, ohun tí a kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì ní Ifẹ̀ kò jẹ́ kí a gba abẹ náà láìbéèrè. Kòkòrò hepatitis B, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè lára ohun gbígbẹ fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kò sì pọn dandan kí ẹ̀jẹ̀ tó gbé e wá tó ohun tí ojú lè rí. Hepatitis C àti HIV náà ń ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Òkúta tí a fi ń pọ́n abẹ kì í pa wọ́n. Ọtí tí a fi ń júbà Ògún lórí abẹ, ọ̀nà ìjúbà ni, kì í ṣe oògùn apakòkòrò. Bí a bá wá fi ojú abẹ kan ṣoṣo fá orí ènìyàn mẹ́ta lọ́jọ́ kan, a ti da ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó rí ẹ̀jẹ̀ kankan.

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìyá wa, inú wọn kò dùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé abẹ tí o máa jù sínú garawa lo fẹ́ fi fá orí ìyàwó òrìṣà?" Ìbéèrè yẹn dùn wá, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tí a gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní àṣẹ tí ohun tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù kò ní. A kúnlẹ̀, a ní, "Ìyá, obì tí a fi bi Orí léèrè lánàá, ṣé òun náà la ó tún fi bi í lónìí? Kànìnkànìn tí a fi wẹ orí ẹnìkan, ṣé a ń fi í wẹ orí ẹlòmíràn?" Wọ́n dákẹ́. Wọn kò dá wa lóhùn lọ́jọ́ náà, kò sì sí ohun tí ó ṣòro fún wa tó ìdákẹ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá. Wọ́n ti bi Ògún, wọ́n sì ti bi Ọ̀ṣun. Ìpinnu tí ilé wa fi ń ṣiṣẹ́ títí di òní ni wọ́n sọ fún wa: abẹ àwọn ìyá kò ní í kúrò nílé. Ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, ni a ó gbé lé àtàrí ìyàwó nígbà tí a bá ń wúre, lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Yóò sì padà sí ojú Ògún. Bíléèdì tuntun, tí a tú kúrò nínú ìwé rẹ̀ lójú ìyàwó fúnra rẹ̀, ni yóò fá orí. Àwọn àgbà máa ń sọ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní ilé wa, a kì í tú bíléèdì lẹ́yìn olórí náà.

A kò sọ pé kí gbogbo ilé ṣe bí tiwa. Àwọn ará wa ní Bahia, tí wọ́n ṣì ń pe ẹni tí wọ́n fá orí fún ní iaô, èyí tí í ṣe ìyàwó lẹ́nu tiwa, ní ìlànà wọn, àwọn ará Kúbà náà ní tiwọn. Ohun tí a kò lè fi sílẹ̀ ni pé ẹnu irin tó ti kan orí kan kò gbọdọ̀ kan òmíràn. Bí ẹ bá wọ ilé kan tí wọ́n sọ fún yín pé òrìṣà yóò dáàbò bò yín lọ́wọ́ abẹ àlòkù, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ẹ lè mú bíléèdì yín wá. Ọ̀pọ̀ àgbà yóò gbà. Ẹni tí kò bá gbà, ẹ̀yin ni ẹ ni orí yín.

Níbi tí abẹ oníwọ̀n ti fi ara rẹ̀ hàn wá gan-an ni lórí orí ìyá kan tí ó wọlé Ọbàtálá ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un rí, ó sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tó bá ń lo oògùn yìí, gígé kékeré tí kò ní í ju ìṣẹ́jú kan lọ lára wa lè máa sun ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lára tirẹ̀. A kò sọ fún un pé kí ó dá oògùn dúró. A tún un sọ nítorí pé a ti gbọ́ pé àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀: a kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó dá oògùn ọkàn dúró nítorí ìfárí. Ó kọ́kọ́ lọ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n sì ní kò burú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kì í ṣe olórìṣà, jókòó sí yàrá kejì pẹ̀lú tẹlifóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

A fi bíléèdì tuntun sínú Progress, a yí i sí 1, a kò sì yí i kúrò níbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Ní 1, bíléèdì kò fẹ́ẹ̀ kan ohunkóhun. Ìlà kan tí a lè fi ẹ̀ẹ̀kan fá ní 3, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a fá a, pẹ̀lú ọṣẹ tuntun nígbà gbogbo. Iṣẹ́ tí kì í gbà wá ju ogójì ìṣẹ́jú lọ gba wákàtí kan àbọ̀. Ibì kan ṣoṣo ló yọ ẹ̀jẹ̀, ní ẹ̀yìn etí òsì, kò tó orí abẹ́rẹ́. A fi òwú mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá. Ìyá náà sùn lọ nígbà tí a dé ìpàkọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé a ti parí, ó béèrè bóyá òun lè fọwọ́ kan orí ìyá òun. A ní kí ó dúró di ìgbà tí gbogbo ètò bá parí. Ó dúró.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kílípà ni yóò kọ́kọ́ gé irun kúrú, nítorí irun gígùn yóò dí abẹ lẹ́nu kíákíá. Lẹ́yìn náà, a ó fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo orí títí irun yóò fi rọ̀. Ọṣẹ dúdú ni a ń lò, a máa ń pò ó títí yóò fi hó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí abẹ fi ara lé orí ní ẹ̀gbẹ́, bí 30 dígírì, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo rẹ̀ tó o. Ọwọ́ yín wà fún dídarí rẹ̀ nìkan. Lórí Fatboy tàbí Slim, nọ́ńbà 5 ni a fi ń tẹ̀lé ìhù irun láti iwájú dé ẹ̀yìn. A ó tún ọṣẹ kùn, a ó yí i sí 3, a ó sì fá a ní ìbú. Ẹ̀yìn etí, ibi tí egungun ìpàkọ́ ti yọ, àti ìsàlẹ̀ ọrùn kò gbọdọ̀ ju 1 tàbí 2 lọ.

A kì í fá irun lòdì sí ìhù rẹ̀, bí àwọn funfun tilẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Irun tiwa ká. Bí a bá gé e sísàlẹ̀ awọ, yóò ká padà wọ inú ara, yóò sì di kókó tí ń dunni, pàápàá ní ìpàkọ́, níbi tí kókó lè le kí ó sì di àpá títí ayé. Èyí ni ìdí mìíràn tí a fi kọ abẹ ike oníbíléèdì mẹ́ta tàbí márùn-ún tó kún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Bíléèdì àkọ́kọ́ ń fa irun náà jáde, èyí tó tẹ̀lé e ń gé e, ìyókù á sì wọlé padà sísàlẹ̀ awọ. Bíléèdì kan ṣoṣo ń gé irun níbi tó bá a.

Ṣùgbọ́n abẹ oníwọ̀n ní àléébù tirẹ̀, a kò sì ní í bo ó. Fatboy àti Slim ń ṣí bí ilẹ̀kùn méjì nígbà tí a bá yí ìdí èèkù, ó rọrùn, ó sì wuni. Ṣùgbọ́n inú wọn kún fún igun àti kọ̀rọ̀ tí ọṣẹ àti ẹ̀jẹ̀ lè sá sí, a kò sì lè tú wọn palẹ̀ fún fífọ̀. Ohun àlòkù tí a kò mọ ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ kan orí ìyàwó lọ́jọ́ tí awọ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Progress sàn jù, ìdérí rẹ̀ ń yọ pátápátá, ṣùgbọ́n kókó ìdí èèkù rẹ̀ jẹ́ ike, nítorí náà a kì í sè é. Nítorí èyí ni a fi pinnu pé abẹ oníwọ̀n kì í ṣe ohun àjọlò. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ń mú tirẹ̀ wá, tirẹ̀ ni yóò sì máa jẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, ilé ní abẹ Rockwell 6S kan, ti ilé iṣẹ́ ará Kánádà, irin tí kì í dípẹtà látòkè délẹ̀. Kò ní òrùka. Ìtẹ́lẹ̀ mẹ́ta ló ní, olójú méjì-méjì, tó fi jẹ́ ìwọ̀n mẹ́fà. Ó ń dá iṣẹ́ dúró láti máa pààrọ̀ ìtẹ́lẹ̀ láàárín ìfárí, ṣùgbọ́n a lè tú u palẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì sè é fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹnìkan bá bi wá léèrè èyí tí ilé òrìṣà tuntun yẹ kí ó fi owó rẹ̀ rà, òun ni a ó sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ wa lọ́wọ́ tó àwọn yòókù.

Ẹ kọ́kọ́ dẹ ìdí èèkù Fatboy tàbí Slim díẹ̀ kí ẹ tó yí òrùka rẹ̀, kí inú rẹ̀ má baà jẹ. Ìdérí Progress ní àmì kan tí ó gbọdọ̀ bá àmì ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ mu, bí kò bá bá a mu, bíléèdì yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì gé yín. Feather ti Japan ló mú jù nínú àwọn bíléèdì tí a ti lò. Ọwọ́ tuntun kò gbọdọ̀ fi í bẹ̀rẹ̀. Bíléèdì tí a ti lò, inú àpótí ike aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí ló ń lọ, kì í ṣe inú àpò ìdọ̀tí tí yóò gé ọwọ́ ẹni tó ń kó o. Ní ti gbẹ́rẹ́ àti ohun tó ń tẹ̀lé ìfárí, a kì í kọ ìyẹn síta. Ẹ lọ bá ìyálórìṣà yín.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ó gba Òṣogbo lọ ní oṣù kẹjọ: èèkù abẹ láìsí bíléèdì lè wà nínú báàgì ọwọ́, ṣùgbọ́n inú ẹrù tí ẹ ó fi lé ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́ ni kí ẹ kó bíléèdì sí. Wọ́n gba odindi páálí lọ́wọ́ ìyàwó kan ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí ìfárí rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó sunkún dé Òṣogbo. Ọmọ ilé kan lọ sí ọjà, ó ra òmíràn, ìwé rẹ̀ kò tíì ṣí, ìyàwó náà fúnra rẹ̀ ló sì tú u.